Eegun Ẹja àti Lẹ́tà Tí Mo Fọwọ́ Sí

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní bàọ́lójì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àrámọkọ, mi ò sì fi ṣeré. Ẹ gbé eegun kalẹ̀ níwájú mi, ìbáà ṣe ti ewúrẹ́, ìbáà ṣe ti òkété, màá sọ ẹranko tó ni ín kí ẹ tó fìdí kalẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo padà sí abúlé wa láàrin Ìkòrò àti Ìjerò, mo ní kí n máa rọra tọ́jú kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ létí odò. Mo rò pé mo ti bá gbogbo ènìyàn jà tán láyé. Mi ò mọ̀ pé èyí tó kù ni èyí tí màá fi ọwọ́ ara mi fà.

Odò wa kì í ṣe odò tí ènìyàn fi ń yangàn. Lẹ́ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó kọjá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má tutù. Ṣùgbọ́n kì í gbẹ. Òun ni gbogbo ilé wa ń pọn, òun ni kòkó wa ń mu, ẹ̀gbẹ́ àpáta pẹrẹsẹ kan tó wà láàrin rẹ̀ sì ni àwọn obìnrin ilé wa ti ń fọṣọ láti ayébáyé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ awakùsà kan kó ìwé olóǹtẹ̀ ìjọba dé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbẹ́ odò náà láti ibi afárá títí dé ìdí òkè, inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun alẹ́. Ará Ìjerò tó bá ń ka èyí mọ ohun tí mò ń wí. Kùsà kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ọkọ́ àti igbá ni àwọn bàbá wa fi wá a. Ti katapílà ló yàtọ̀. Wọ́n ní òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù ló wà lábẹ́ ilẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gbẹ́, omi ibẹ̀ á dà bí omi ẹ̀kọ, akàn ò ní sí níbẹ̀ mọ́, kòkó etí rẹ̀ á sì máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ìjọba wá bá wa ṣèpàdé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní bí ohun kan bá wà lórí ilẹ̀ náà tí òfin fọwọ́ bò, kí a kọ ọ́ wá kí oṣù mẹ́ta tó pé: ibojì, tàbí ibi tí ìdílé ń bọ̀wọ̀ fún láti ìran dé ìran, tàbí nǹkan àtayébáyé tí ìjọba gbọ́dọ̀ tọ́jú. Èmi ni àgbà ọkùnrin ilé, èmi náà ni mo kàwé jù. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí nǹkan kan wí. Ojúbọ kò sí létí odò wa. Bàbá mi, alàgbà ìjọ, ti lé gbogbo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ kí n tó gbọ́njú, ó sì máa ń fi í yangàn lórí àga ìwàásù. Ibojì náà kò sí. A túká.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo rí eegun àkọ́kọ́. Àwọn tó ń wa kùsà lókè odò ti da ẹrọ̀fọ̀ sọ́dọ̀ wa, ó dí ìdí àpáta pẹrẹsẹ yẹn, mo sì gbé ṣọ́bìrì lọ láti kó o kúrò. Ohun dúdú kan bọ́ sílẹ̀ láti inú pàlàpálá àpáta náà. Ó tóbi tó bọ́tìnnì kóòtù, ó rí roboto, ojú rẹ̀ méjèèjì jìn sínú bí abọ́, ihò tíńtín wà láàrin gbùngbùn, ìlà wẹ́wẹ́ sì yí ojú abọ́ náà ká, bí ìlà inú igi tí a bá gé e. Kí n tó fọ̀ ọ́ tán ni mo ti mọ̀ ọ́n. Eegun ẹ̀yìn ẹja ni. Ti ẹran kì í jìn báyìí lójú méjèèjì. Ti ẹja nìkan ló rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹja wo? Ẹja odò wa kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹja tó ni eegun yìí yóò gùn tó apá mi. Mo fi kan eyín, ó dún bí òkúta. Mo fi ahọ́n kàn án, ó lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Ó wúwo, ó dúdú bí èédú. Mo jókòó sórí àpáta. Mo ti kà á nínú ìwé pé nílẹ̀ ibòmíràn, àwọn ènìyàn máa ń fi asẹ́ sẹ́ yanrìn odò, wọ́n á sì rí eegun ẹ̀yìn ẹja tó ti kú kí ọmọ aráyé tó wà, tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ títí ó fi di òkúta. Mo ní ohun tí ọ̀gá yẹn ń wí rèé. Nǹkan àtayébáyé. Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wa.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi tú ìdí àpáta náà. Mo rí mọ́kàndínlógún. Mo fọ̀ wọ́n pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, mo sá wọn, mo sì tò wọ́n sínú páálí láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, bí mo ṣe máa ń tò wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun. Mo ya àwòrán wọn, mo sì fi rúlà wọ̀n wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan méjì tí ìwé àkọsílẹ̀ yẹn mọ̀. Èkíní, eegun kan náà ni gbogbo wọn: eegun àárín ẹ̀yìn, tó tóbi jù lára ẹja. Kò sí eegun ìhà, kò sí ti orí, kò sí ti ìrù. Ẹja wo ló ń kú tó ń fi eegun kan ṣoṣo sílẹ̀? Mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo fi àmì ìbéèrè sí i, mo sì ṣí ojú ewé kejì. Èkejì, lọ́dún tí tíṣà jọ́gíráfì wa kó lọ, èmi ni mo gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, èmi ni mo sì fi ẹnu ara mi kọ́ àwọn ọmọ pé inú iná abẹ́ ilẹ̀ ni òkúta Èkìtì ti jinná, pé kò sí eegun tó lè ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ló gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá fún mi, òdo ni ì bá gbà, n ó sì fi èébú lé e. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá fẹ́ kó jẹ́ òótọ́, a máa fọ́ ọ lójú.

Mo pe gbogbo ilé, mo gbé páálí náà síwájú wọn. Mo ṣàlàyé bí omi ńlá ṣe bo ilẹ̀ yìí nígbà kan, àwọn ọkùnrin ń mi orí, àwọn ọmọ ń ya fọ́tò. Àwọn obìnrin dákẹ́ lẹ́yìn. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó wo inú páálí náà pẹ́.

"Tíṣà," ó ní, "níbo lo ti kó àwọn nǹkan wọ̀nyí?"

"Ìdí àpáta ni, Yèyé."

"O sì kó gbogbo wọn? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn eegun wọ̀nyí, kì í ṣe ohun tí…"

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, "ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ìwé ni èyí."

Ó wò mí. Ó jókòó. Kò sí ẹni tó bá mi wí, nítorí pé èmi ni wọ́n máa ń retí kó bá àwọn ẹlòmíràn wí.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ lẹ́tà. Mo mọ lẹ́tà kọ, ẹ má dá mi lóhùn. Mo to oyè ẹ̀kọ́ mi sí ìsàlẹ̀, mo kọ iye ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mo sì fọwọ́ sí i. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀ nígbà náà: "Àwọn eegun wọ̀nyí ti wà níbẹ̀ kí ènìyàn tó tẹ ilẹ̀ yìí dó; kò sí ọwọ́ ọmọ ènìyàn kankan nínú bí wọ́n ṣe débẹ̀." Mo kà á sókè fún ara mi. Mo ṣe ẹ̀dà méjì ní Ìjerò, mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba, èkejì sí ilé-iṣẹ́ awakùsà, kí wọ́n lè mọ irú ẹni tí wọ́n ń bá jà. Lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní Tíṣà ti gbà wá. Mo gba ìkíni náà, mo tilẹ̀ tún táì mi ṣe.

Ọ́fíìsì ìjọba ní ó dára, kí n gbé eegun náà lọ fún ẹni tó mọ̀ nípa wọn. Mo wọ takisí, a gba Ẹ̀fọ̀n, a sọ̀kalẹ̀ òkè, páálí mi wà lórí itan bí ọmọ tuntun. Ẹni tí mo lọ bá ní yunifásítì kò ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Obìnrin ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fún mi ní omi tútù, ó sì mú eegun kan, ó wò ó lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi. Ó yí i padà. Ó mú òmíràn.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ ti jó o wò?"

Ìbéèrè yẹn bí mi nínú, nítorí pé mi ò jó o wò. Àyẹ̀wò tó rọrùn jù lọ nìyẹn. Ìṣáná kan péré ni. Mo ní kí ló dé tí ènìyàn yóò fi dáná sun nǹkan iyebíye. Ó ní kí n má bínú. Ó yọ ìṣáná, ó sì fi iná kan etí eegun náà. Òórùn irun jíjó gba gbogbo yàrá. Ẹni tó bá ti sun orí ewúrẹ́ rí mọ òórùn náà.

"Èyí tó ti di òkúta kì í rùn," ó ní. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òfò. Ó ní eegun ẹja àrọ̀ ni, ẹja gbígbẹ tí a rà lọ́jà, tí a sì sè. Ẹrọ̀fọ̀ odò ló sọ ọ́ di dúdú. Ó fi ojú ọ̀bẹ hàn mí ní ẹ̀gbẹ́ wọn, ojú ọ̀bẹ kan náà lára gbogbo wọn, tí èmi pẹ̀lú awò ojú mi ti rò pé omi ló fà á. Ó ní àwọn kan lè ti pẹ́ gan-an, àwọn kan kò tó ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Bàbá, ènìyàn ló kó wọn síbẹ̀. Ta ni?"

Mo kó páálí mi. Ó sìn mí dé ibùdókọ̀, ó fẹ́ bá mi gbé e, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ká ní ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ì bá sàn fún mi.

Nígbà tí mo dé ilé, oòrùn ń wọ̀. Yèyé ń pa ẹ̀gúsí níwájú ilé rẹ̀. Mo gbé páálí náà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Yèyé, kí ni àwọn wọ̀nyí?"

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bèèrè," ó ní. Ó pa ẹ̀gúsí mẹ́ta mẹ́rin kó tó tún sọ̀rọ̀.

Ó ní ẹja ìsọmọlórúkọ ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹja wà lára ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Èmi náà ti fi ẹnu tọ́ ọ wò, mo ti ṣe àmín. Ohun tí àwa ọkùnrin kò mọ̀ ni pé nílé wa, ìyá àgbà máa ń yọ eegun tó tóbi jù ní ẹ̀yìn ẹja náà, á fi pamọ́, nígbà tí ìyá ọmọ bá sì kọ́kọ́ padà sódò, á ki í bọ inú pàlàpálá àpáta, kí omi ilé lè mọ ọmọ náà. Kì í ṣe òrìṣà. Wọn kì í bọ ọ́, wọn kì í pe orúkọ kankan. Bàbá mi ká ìyàwó kan mọ́ ọn nígbà kan, ó sì dójú tì í níwájú ìjọ débi pé ó kó kúrò nílùú. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn obìnrin ti pa ẹnu mọ́ fún gbogbo ohun tó ń wọ ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n wọn kò jáwọ́.

"Tèmi ńkọ́?" mo bèèrè.

"Tìẹ wà níbẹ̀. Ti gbogbo yín wà níbẹ̀. Ti àwọn tí kò dúró náà wà níbẹ̀." Ó dá iṣẹ́ dúró. "Mo bí mẹ́ta kí n tó bí ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Ìbàdàn. Kò sí èyí tó pé ọdún nínú wọn. Ìyá wọn kì í mọ ibi tí wọ́n ń sin irú wọn sí láyé ọjọ́un. Eegun mẹ́ta yẹn ni mo ní. Bí mo bá ń fọṣọ, mo mọ ibi tí wọ́n wà, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, ní pàlàpálá kejì."

Ó na ọwọ́ sínú páálí náà. Ó mú ọ̀kan, ó dá a padà. Ó mú òmíràn, ó gbé e súnmọ́ ojú. Mo ti fọ̀ wọ́n. Mo ti tò wọ́n bí wọ́n ṣe tóbi sí. Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ rárá, pàlàpálá tí mo ti mú èyí, pàlàpálá tí mo ti mú ìyẹn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń lu ọmọ iléèwé fún nìyẹn tó bá gbàgbé rẹ̀. Ọ̀kan sì ti jóná létí.

"Èwo ni tèmi, Tíṣà?" ó bèèrè. Kì í ṣe pé ó ń bú mi. Ó fẹ́ mọ̀ ni, ó sì rò pé ẹni tó kàwé yóò lè sọ fún òun.

Mo dọ̀bálẹ̀. Àgbà bí èmi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú ọ̀gá ìjọba, torí pé ohun tí òfin ń wí gan-an nìyí: ibi tí ìdílé ń bọ̀wọ̀ fún láti ìran dé ìran. Òun la ní láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kó tú àṣírí tí wọ́n ti fi ìtìjú ra. Ó ní òun yóò wá. Ó ní nítorí àwọn mẹ́ta yẹn ni, kì í ṣe nítorí mi.

Yàrá ìkàwé kan níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ṣèpàdé. Yèyé dúró, ó sọ ọ́ láti orí dé ìdí, kò sunkún. Bó ṣe ń sọ ọ́, àwọn obìnrin ilé wa ń dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, títí kan ìyàwó mi, tí mo ti fẹ́ láti ogójì ọdún, tí kò sọ ọ́ fún mi rí. Àwọn ọkùnrin ń wolẹ̀. Mo wo ojú ọ̀gá ìjọba, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ ọ́ lára. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ni lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà bá dìde, ó yọ ìwé kan. Mo mọ̀ ọ́n kó tó ṣí i. Ó kà á ketekete: "Kò sí ọwọ́ ọmọ ènìyàn kankan nínú bí wọ́n ṣe débẹ̀." Ó gbé e wá síwájú mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí èyí?"

Mo ní èmi ni.

"Ṣé ẹ mọ Yèyé yìí nígbà tí ẹ ń kọ ọ́? Ṣé inú ilé kan náà lẹ jọ ń gbé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ kọ́kọ́ ní ó ti wà kí ènìyàn tó dé. Yunifásítì ní irọ́ ni. Ni ìtàn ẹja ìsọmọlórúkọ bá jáde. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olórí ilé, ṣé ẹ ti gbọ́ nípa àṣà yìí rí kí lẹ́tà yín tó já sí asán?"

Mi ò gbọ́ ọ rí. Mo ní àṣìṣe tèmi ni, pé ọ̀rọ̀ Yèyé ni òótọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti ẹnu nìyẹn. Ti inú ìwé kì í fọ́, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé e dè ọ́. Ọ̀gá ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹ̀rí tó dúró lójú kan. Mi ò lè bú u. Ká ní èmi ni mo jókòó sípò rẹ̀, ohun tí n ó kọ nìyẹn. Yèyé ti jókòó. Ó yíjú sí fèrèsé, kò wò mí mọ́ títí a fi délé.

Wọ́n fọ́ àpáta pẹrẹsẹ náà kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Ọjọ́ kan péré ló gbà wọ́n. Omi bí omi ẹ̀kọ ni ohun tó ń ṣàn níbẹ̀ báyìí. Kàǹga kan tí ilé-iṣẹ́ náà gbẹ́ la ń pọn. Mo dá páálí náà padà fún Yèyé. Ó gbà á lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní ó ṣeun.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ọmọ mi obìnrin bímọ, ó sì wá gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ ní pàlọ̀ mi. Wọ́n fún mi ní àga iwájú. Mo rí i nígbà tí Yèyé yọ eegun àárín ẹ̀yìn ẹja náà, ó fi ewé wé e, ó sì ki í bọ abẹ́ ọ̀já tó gbà mọ́dìí. Ó rí i pé mo rí i. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, mo lọ sóko láàárọ̀, nígbà tí mo sì fi máa dé, gbogbo obìnrin ilé ti lọ, wọ́n ti bọ̀. Amọ̀ pupa wà ní ẹsẹ̀ ọmọ mi, irú èyí tí kò sí létí odò wa.

Mo dúró títí ó fi ku èmi àti ọmọ mi. Mo bi í léèrè, jẹ́jẹ́, ibi tí wọ́n gbé eegun ti ọmọ-ọmọ mi sí. Ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó tẹrí ba.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ó ní. "Yèyé ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́, pé wọ́n ti sọ ọ́ ní gbangba. Ọkọ mi náà tẹ̀lé wa lọ. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan ni kí n má sọ fún."